Ewé Kan Tí Mo Yọ Nínú Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin ará ilé ìwòsàn wa, ẹ dá ayẹyẹ yín dúró ná. Èmi Thérèse Fáyẹ́misí, agbẹ̀bí tí gbogbo Ifangni ń pè ní Ìyá Ẹ̀jẹ̀dá, mo gbọ́ pé ẹ ti kọ orúkọ mi sára ògiri yàrá ìgbẹ̀bí tuntun, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ sì fẹ́ ṣí i. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ ka ìwé yìí. Dókítà ní àrùn tó wà nínú ẹ̀dọ̀ mi kò ní jẹ́ kí n rí ọdún tuntun. N kò bẹ̀rù ikú, àwa méjèèjì ti jọ wà nínú yàrá kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí n kò gbà ni kí n gbé irọ́ tí mo pa mọ́ ọmọlọ́mọ wọ ilẹ̀ lọ.

Ọdún kẹwàá rèé tí wọ́n yan èmi nìkan láàárín àwọn agbẹ̀bí agbègbè wa láti lọ gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta ní Porto-Novo. Madame Rokeya ló kọ́ wa, agbẹ̀bí bíi tiwa, láti Bangladesh. Ògbufọ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di Faransé fún wa. Ìbẹ́pẹ ló fi ṣe ilé ọmọ. Ó gé orí rẹ̀, ó ha kóró inú rẹ̀ dànù, ó wá fi bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ dúró hàn wá, nígbà tí abẹ́rẹ́ kò bá ràn án. A ó fi capote, rọ́bà tí àwọn ọkùnrin ń lò, bọ ẹnu ọ̀pá rọ́bà tí a fi ń fa ìtọ̀. A ó fi òwú so ó pinpin. A ó tì í wọ inú ilé ọmọ. A ó da omi iyọ̀ ilé ìwòsàn sí i títí yóò fi wú, tí yóò sì tẹ ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó fi gáàsì, aṣọ funfun fẹ́lẹ́ tí a fi ń di egbò, dí ojú ọ̀nà kí ó má baà yọ jáde. Ìgbésẹ̀ márùn-ún péré, kò sì sí ohun èlò wọn tí a kò ní nílé. Madame Rokeya ní kí a ṣèlérí pé, kí oṣù kan tó pé, a ó ti kọ́ àwọn tó kù nílé. Mo ṣèlérí, mo fọwọ́ sí ìwé.

Mo délé, mo pa ẹnu mọ́. Obìnrin àkọ́kọ́ tí mo fi ọ̀nà yìí gbà là, ará Ìgólò ni. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn aboyún ń kọjá ibodè láti Nàìjíríà wá bá mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Ìyá Ẹ̀jẹ̀dá. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi gan-an.

Nígbà tí ọ́fíìsì tó rán mi lọ gba ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn tí mo kọ́, mo pe àwọn agbẹ̀bí Lagbé, Banigbé àti ìyókù jọ. Ẹ̀yin náà mọ ìṣe wa. Elégbòogi ni ìyá mi. Bó bá ń kọ́ ènìyàn ní àgbo, yóò yọ ewé kan. Ẹni tó bá fẹ́ ewé tó kù yóò tún sìn ín fún ọdún díẹ̀ sí i, kò sì sí ẹni tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má di ẹrù mi ru ìyá mi o! Àgbo ibà ni tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ràn lónìí á padà wá lọ́la. Ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kò ní ọ̀la. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì yọ ewé tèmi. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni mo kọ́ wọn, mo fi gáàsì pamọ́.

Sìdíkátù, ọmọbìnrin tó ń gbẹ̀bí ní Lagbé, nìkan ló rí i pé nǹkan kù. Ó ní, "Maman, kí ló máa wá dì í mú tí kò ní yọ jáde?" Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù. Bó bá pẹ́, ọwọ́ rẹ á mọ̀ ọ́n."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án gangan, mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ilé ìwòsàn, mo ń jẹ ọsàn, ni fóònù mi dún. Sìdíkátù ni. Ọyakẹ́mi, ìyàwó Anicet tó ń dáko ẹ̀gẹ́, ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá.

"Maman, ó ń yọ jáde o! Mo tì í padà, ó tún yọ. S'il vous plaît, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo gbàgbé?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Bí mo bá sọ ọ́, yóò mọ̀ pé ńṣe ni mo fi pamọ́. Mo ní, "Gbé e wá."

"Maman, kò lè dé ọ̀dọ̀ yín!"

"Mo ní kí o gbé e wá."

Mo pa fóònù. Mo sì jẹ ọsàn náà tán. Bẹ́ẹ̀ ni, mo jẹ ẹ́ tán.

Orí alùpùpù zém ni Ọyakẹ́mi kú sí, láàárín ọkọ rẹ̀ àti ẹni tó ń wà á. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn jókòó, wọ́n bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Mo kọ́ Sìdíkátù dáadáa. Kò fara balẹ̀ ni." Sìdíkátù kò bá mi jiyàn. Ó ń sunkún, ó ní, "Bóyá mo gbàgbé nǹkan lóòótọ́." Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni wọ́n fún ní ìwé ẹ̀yẹ.

Nígbà tí mo gbọ́ ti àrùn mi, Dókítà Séraphin, ọ̀gá ilé ìwòsàn wa, ni mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún. Ó ní, "Maman, laissez ça, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fẹ́ ba projet jẹ́ ni? Àwọn òyìnbó tó ń ràn wá lọ́wọ́ máa sá." Mo ní kí wọ́n sá! Ẹni tó ti Bangladesh wá kọ́ mi láìyọ nǹkan kan kò ní sá fún òtítọ́. Àwa la ń sá fún un.

Mo wá lọ bá Sìdíkátù ní Ìgólò, níbi tó ti ń ránṣọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ó dá ẹ̀rọ dúró.

"Gáàsì, Maman?"

"Gáàsì ni."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Ó ní, "Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ro ohun tí mo gbàgbé." Lẹ́yìn náà ó ní kí n jáde, mo sì jáde.

N kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, nítorí kò sí lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ Sìdíkátù àti Anicet ló wà, bí wọn kò bá sì fún mi, wọ́n jàre. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ agbẹ̀bí tó ń mi orí sí mi, ta ni nínú yín tó ti kọ́ àbúrò rẹ̀ ní gbogbo ohun tó mọ̀? Lọ kọ́ ọ tán ná, kí o tó padà wá bú mi. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ dá iṣẹ́ Sìdíkátù padà fún un, kí ẹ sì pe gbogbo Lagbé kí wọ́n gbọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ ha orúkọ mi kúrò lára ògiri yẹn. Ibi tó bá ṣófo, ẹ fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: Fi gáàsì dí i.