Gẹ̀ẹ́sì Tí Ẹnu Rẹ̀ Kọ̀ Láti Sọ fún Àgbà

Akọ̀wé mẹ́tàdínlógún ni ilé iṣẹ́ kan ní èbúté Àpápá lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo láyé ìjọba ológun yìí, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye wọn. Orí ìlà kẹrosíìnì ní Malu Road ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn, bí ó ti ń sọ ọ́ fún ìyá kan tí wọ́n jọ ń gbélé.

“Wọ́n ṣe ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu fún wa, wọ́n ní a kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí òyìnbó ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, màmá.”

“Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tí o ń ka ìwé àkànlò èdè wọn sókè láràárọ̀, tí ewúrẹ́ ilé wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n sórí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, màmá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ń bá ẹgbẹ́ sọ ni. Bàbá Yorùbá kan tó dàgbà ju bàbá mi lọ ló ń dán mi wò. Ìwé ní kí n sọ fún un pé, ‘Take it easy, old boy.’”

“Bọ́ì! Bàbá arúgbó?”

“Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílùú wọn nìyẹn.”

“O wá sọ ọ́?”

“Mo dọ̀bálẹ̀.”

“Ọmọ mi, ilé rere lo ti wá.”

“Màmá, a kì í fi ilé rere se ọbẹ̀.”

Gbólóhùn yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ẹrù inú ọkọ̀ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń kọ sílẹ̀. Ẹ kò gbà wọ́n láti máa tàkúrọ̀sọ. Ẹ fi àṣìṣe kan ṣoṣo hàn wá nínú ìwé ẹrù tí wọ́n kọ. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.