Ohun Tó Ń Da Omi Kànga Wa Rú

"Ẹ dákẹ́ ná, kí ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó lé ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tó wà nísàlẹ̀ kànga yìí, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Òní ni màá sọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ilé ṣe já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ Bàbá Àgbà, bàbá ọkọ rẹ̀, lẹ́nu ní pálọ̀, ohun tí kò dán wò rí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló fẹ́ gbéyàwó, ọmọ agbẹ́kànga ló sì fẹ́ fẹ́. Agbẹ́kànga náà jókòó sétí ilẹ̀kùn, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún, nítorí Bàbá Àgbà ní kó wá gbọ́ èsì lẹ́nu òun. Èsì ọ̀hún kò gùn: "A kì í fẹ́yàwó nílé olè. Òkúta kànga mi lọkùnrin yìí jí gbé, ẹrẹ̀ rẹ̀ la sì ń mu títí dòní."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn náà ládùúgbò. Nígbà tí ọkùnrin yìí gbẹ́ kànga ọ̀hún tán, omi rẹ̀ mọ́ gaara. Nígbà tó yá, ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá korobá gòkè. Ohun tó ń yani lẹ́nu ni pé àárọ̀ lomi ń rú. Tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́, á ti tòrò. Wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n pọn ọ́n sí dúrọ́ọ̀mù kó lè silẹ̀, síbẹ̀ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ò tán nísàlẹ̀ ife. Agbẹ́kànga ní òkúta wẹ́wẹ́ tóun tẹ́ sísàlẹ̀ kó lè di iyanrìn mọ́lẹ̀, ẹnìkan ló ń tú u. Bàbá Àgbà fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ta ló ń lọ tú òkúta nísàlẹ̀ omi, ẹja àbí ọ̀pọ̀lọ́?"

"Èmi lẹja náà, bàbá," ni ìyá ilé wí. Ó kúnlẹ̀.

"Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun, Fọ́wofọ́wo lẹ̀ ń pè mí. Ẹ ò kúkú parọ́, àwo tó bọ́ lọ́wọ́ mi nínú ilé yìí kò lóǹkà. Ẹ wá ní bí mo bá tún ba nǹkan kan jẹ́, ẹ óò dá mi padà sílé bàbá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ṣan eyín àtọwọ́dá yín, ẹ kó o sínú ife, ẹ gbé e sétí kànga. Okùn korobá mi ló gbá a sínú kànga. Ẹ ní, 'Ìyàwó, o rí eyín mi?' Mo ní n ò rí i. Mo tiẹ̀ bá yín wá a dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wo ojú mi yìí.

"Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jí ṣáájú gbogbo ilé. Ìkọ́ tí a fi ń yọ korobá tó bá já sómi ni mo ń jù sísàlẹ̀, tí mo fi ń wá eyín. Òun ló ń tú òkúta. Tí mo bá ṣíwọ́, omi á tún máa silẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ò tíì burú tán. Ọjọ́ tí bàbá yìí gbé okùn àti ṣọ́bìrì dé pé òun fẹ́ wọ kànga lọ wo ohun tó ń ṣe é, ẹ̀rù bà mí, torí eyín ló máa gbé jáde. Mo bá dúró láàárín àgbàlá, mo ní ó jí òkúta, ojú mi ló ṣe é. Mo ní agbọ̀n òkúta kan ló dà síbẹ̀, ó kó ìyókù lọ sílé oníbàárà mìíràn. Ó wò mí, ó ní, 'Ìyàwó wa, ẹ tún un wí.' Mo tún un wí. Ọmọ tó ń gbéyàwó yìí wà lẹ́yìn mi. Irọ́ ọ̀hún ò tó mi nílé, mo gbé e dé ojúlé àwọn aládùúgbò kó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbé kànga fún un gbẹ́ mọ́, búlọ́ọ̀kù ló ń rù jẹun. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá Àgbà fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. "Ìdí tí mo fi ń fi èrìgì jẹran láti ìgbà yẹn nìyẹn?" Ọmọ ọmọ rẹ̀ wolẹ̀ kẹ́rìn-ín má bàa pa á.

Agbẹ́kànga kò tíì bínú. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ìkọ́ ẹlẹ́nu mélòó ni, ìyá?"

"Ẹlẹ́nu mẹ́ta."

Ó mi orí. "Mo mọ̀ pé omi kì í dédé rú láàárọ̀ kó tòrò nírọ̀lẹ́. Mo rò ó títí. Ìgbà tó yá, mo ní bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ ló ń mí." Ó gbé fìlà rẹ̀ sórí. "Ó ti wá yé mi. Ṣùgbọ́n inú pálọ̀ yìí nìkan kọ́ lorúkọ mi ti bàjẹ́. Àwọn ojúlé tí ẹ gbé e dé ńkọ́?"

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìyá ilé dìde, ó fa ìborùn rẹ̀ le èjìká, ó sì pe ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀yìn mi lo wà nígbà tí mo ń pa irọ́ náà. Máa bọ̀ lẹ́yìn mi báyìí. Ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi, ọjọ́ tó bọ́ gan-an ni kó o wí i."

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n gbóhùn Bàbá Àgbà lẹ́yìn wọn. Agbẹ́kànga ló ń bá sọ̀rọ̀: "Àna mi, ṣé okùn tó o fẹ́ fi wọ kànga níjọ́sí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ìyá ilé kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Aládùúgbò rẹ̀ yọjú, ó ní, "Ẹ wọlé, ìyá. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Mo gbé irọ́ kan sọ́dọ̀ yín nígbà kan," ni ìyá ilé wí. "Mo wá gbé e lọ."