Ajá Tó Ní Èmi Kọ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì béèrè aṣọ yín lọ́wọ́ mi, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ jókòó kí ẹ gbọ́ ohun tí ajá fojú mi rí. Ajá o, mi ò pè é lénìyàn. Èmi tí mò ń fọṣọ fún gbogbo àdúgbò yìí, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Funfun, ọmọ ajá tí eyín ẹ̀ ò tíì pé ló wò mí lójú tó ní òun ò mọ̀ mí rí!

Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti lọ, tí àbíkẹ́yìn náà sì ti relé ọkọ, ilé yìí ti dákẹ́ jù. Tí mo bá gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, èmi nìkan ni mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní kí n ra ajá, kí n rí ẹni tó máa kí mi káàbọ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Alájá, ó wò mí látòkè délẹ̀ bí ìgbà tí mo wá tọrọ ọmọ ẹ̀ fọ́mọ mi. Ó ní ta ló ń wà nílé lọ́sàn-án? Ṣé mo máa ń tètè bínú? Tó bá fa bàtà mi ya ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ọkọ mi wá tọrọ mi, ṣé bàbá wa bi í ní ìdajì èyí? Ó wá ní òun kì í ta ajá fún ẹni tí ajá ò bá yàn. Pé kí n mú aṣọ tí mo ti wọ̀ wá, tó ti gba òógùn dáadáa, kóun tẹ́ ẹ fáwọn ọmọ ajá kí wọ́n sùn lé e, kí wọ́n mọ òórùn mi.

Èmi alágbàfọ̀? Kí n gbé aṣọ ìdọ̀tí jáde láti ilé mi fún ẹni ẹlẹ́ni? Mo fọ ìró mi kan, mo fi sítáàṣì sí i, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi dúró fúnra ẹ̀. Àwọn ọmọ ajá fimú kàn án, ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ìyá Alájá ká a, ó dá a padà fún mi, ó ní, "Ìyá, ọṣẹ ni wọ́n gbóòórùn, wọn ò gbóòórùn yín. Ẹ lọ mú èyí tó dọ̀tí wá."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀. Mo délé, apẹ̀rẹ̀ aṣọ yín wà nílẹ̀. Ìró aláwọ̀ ewé yẹn ló wà lókè, èyí tí ẹ fi ń dáná, tí ẹ fi ń roko ẹ̀yìnkùlé, tí ẹ tún fi ń bora sùn. Mo mú un lọ, mo ní tèmi ni. Ọmọ ajá kékeré kan, tí etí ẹ̀ kan dúró tí èkejì ń sùn, ló wọ inú ìró yẹn bí ẹni wọlé bàbá ẹ̀. Tó bá ń lọ mu ọmú ìyá ẹ̀, ó ń wọ́ ìró lẹ́yìn ni.

Mo sáré lọ gbé e, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ó gbóòórùn ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó yí ìdí sí mi, ó padà sórí ìró yín! Ìyá Alájá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni aṣọ yìí? Òun ni kó wá gbé ajá ẹ̀." Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi ò sọ òkò, ajá lásán ni mo fẹ́ rà, ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ kí ewúrẹ́ gba iwájú ilé yín kọjá ló lọ bá!

Mo bẹ Ìyá Alájá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ó ní ó dáa, kí n máa ró ìró náà lọ, kí n máa ró o lọṣọ, kí n máa ró o sùn, kí ọṣẹ má ṣe kàn án títí òórùn tèmi á fi wọ tiyín. Ẹ̀gbọ́n, èmi! Àwọn oníbàárà ń bi mí bóyá ara mi ò yá. Ọ̀kan gbé aṣọ ẹ̀ padà lọ.

Láàárọ̀ yìí ni mo padà lọ, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀gbin mi. Elétí-Kan, orúkọ tí mo sọ ọmọ ajá yẹn, dé, ó gbóòórùn, ó rò ó wò. Ó gun itan mi, ó yí po, ó yí po, ó wá tọ̀ sí mi lára! Ìyá Alájá pàtẹ́wọ́, ó ní ó parí, ajá ti yàn mí. Mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, bí mo ṣe gbé e délé nìyẹn.

Nítorí náà aṣọ yín nìyí, gbogbo ẹ̀ ti funfun. Àmọ́ ẹ gbàgbé ìró yẹn o. Ó wà lábẹ́ tábìlì, ẹnìkan ń sùn lórí ẹ̀. Rárá, ẹ má bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ̀gbọ́n, mo ní ẹ má... Háà! Ó ti gbóòórùn yín. Ó ń ju ìrù! Elétí-Kan, padà wá, èmi ni mo rà ọ́! Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò fẹ́ràn ajá, ẹ wò ó bó ṣe ń lá yín lẹ́nu, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge!

Ó dáa. Ẹ̀yin náà ń dá gbé, èmi náà ń dá gbé, ajá ò sì gbà kí ẹ lọ mọ́. Yàrá ọmọ mi ṣófo. Ẹ lọ kó ẹrù yín wá lónìí. Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọ ìkankan níbẹ̀ o.