Màámi Mú Jẹ́nẹ́rà Lọ sí BQ

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀: USWAT, ìyàwó Kọ́nẹ́ẹ̀lì Abdulmumin, láti ilé wọn nínú bárékè kan ní Ìkẹjà, RÀBÍÁTÙ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá pure water ní Agége.

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e. Ẹ̀rọ ń pariwo.]

RÀBÍÁTÙ: Hẹ́lò? Ta nìyẹn?

USWAT: Àǹtí, èmi ni. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn, àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́ —

RÀBÍÁTÙ: Wọ́n wà. Kí ló dé tí o ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́?

USWAT: Mo wà ní kíṣìnì ni. Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tí èèyàn bá ní orí ìyá òun ò pé, tí orí ìyá yẹn sì pé dáadáa, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni?

RÀBÍÁTÙ: Ìyá ta?

USWAT: Mo kàn ń béèrè ni.

RÀBÍÁTÙ: Uswat, iṣẹ́ wà lórí ẹ̀rọ níbí. Ìyá ta?

USWAT: Màámi. Ìyá Daddy Aisha. Wọ́n dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ yìí.

RÀBÍÁTÙ: Á à! Wọ́n wá wo ilé tuntun yín?

USWAT: Tuntun kẹ̀? Ilé tí Òyìnbó kọ́!

RÀBÍÁTÙ: Èyí tí wọ́n kọ́ ibi tí wọ́n á ti máa yáná sí pálọ̀? Ní Ìkẹjà, nínú ooru? Ta ló ṣe Òyìnbó yẹn?

USWAT: Àǹtí, ẹ gbọ́ mi ná. Jẹ́nẹ́rà Làsísì wà nílé wa. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń kọ ìwé lórí àwọn ilé tí ọ̀gágun máa ń gbé láyé àtijọ́. Wọ́n mú oníkámẹ́rà wá. Wọ́n ń fọwọ́ pa òpó, wọ́n ń fọwọ́ pa fèrèsé. Wọ́n ní verandah yẹn yí ilé ká kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé níbi gbogbo. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fẹnu ko ògiri lẹ́nu.

RÀBÍÁTÙ: Kí ló wá kan orí tí ò pé?

USWAT: Daddy Aisha ti sọ fún wọn tipẹ́ pé bàbá àwọn gbé ibí rí.

RÀBÍÁTÙ: Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe sójà?

USWAT: Kúùkù ni wọ́n! Wọ́n ń dáná fún Májọ̀ tó wà níbí nígbà yẹn. BQ ni wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n Jẹ́nẹ́rà gbọ́ "bàbá mi gbé ibẹ̀," wọ́n rò pé bàbá náà ni Májọ̀. Daddy Aisha bá dákẹ́.

RÀBÍÁTÙ: Ó kàn dákẹ́ — ṣé o gbọ́ mi?

USWAT: Hẹ́lò? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ariwo ẹ̀rọ. Ilẹ̀kùn padé.]

RÀBÍÁTÙ: Mo ti bọ́ síta. Ṣé o gbọ́ mi?

USWAT: Mo gbọ́. Ó ti fẹ́ wọ inú ìwé báyìí. Wọ́n fẹ́ kọ ọ́ pé ìdílé ọ̀gágun ni. "From father to son."

RÀBÍÁTÙ: Láti ìkòkò dé ìbọn.

USWAT: Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, wọ́n á gbọ́! Mo ní kí Màámi sinmi ní yàrá. Ibi tí mo ti ń bu ohun mímu, mo gbọ́ ohùn wọn ní pálọ̀: "Ọ̀gá, ibi tí ẹ ń yà ní fọ́tò yìí, a ò gbé ibẹ̀ o. Ẹ wá wo tiwa." Wọ́n bá fa Jẹ́nẹ́rà lọ́wọ́, ó di ẹ̀yìnkùlé!

RÀBÍÁTÙ: Yéè!

USWAT: Ẹ mọ BQ yẹn. Ìsàlẹ̀ ọgbà lọ́hùn-ún ni Òyìnbó kọ́ ọ sí, ó ní kó kẹ̀yìn sílé, kí ojú òun má baà rí aṣọ tí kúùkù sá. Fèrèsé ẹ̀ ò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Mo ń wò wọ́n láti ibí. Màámi ń sọ gbogbo ẹ̀.

RÀBÍÁTÙ: Kí ni wọ́n ń sọ?

USWAT: Pé tí ìyàwó Májọ̀ bá fẹ́ mu tíì, agogo ló máa ń lù. Wọ́n ń fẹnu ṣe agogo náà! Bàbá á wá gbé tíréè sáré láti kíṣìnì tó wà níta nígbà yẹn dé pálọ̀, nínú òjò. Wọ́n ní Òyìnbó lọ tán, Májọ̀ jókòó sórí àga ẹ̀, ó ń bá òfin ẹ̀ lọ.

RÀBÍÁTÙ: Jẹ́nẹ́rà ńkọ́?

USWAT: Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀!

RÀBÍÁTÙ: Ọkọ ẹ ńkọ́?

USWAT: Ilé ìwẹ̀.

RÀBÍÁTÙ: Kí ló ń wẹ̀?

USWAT: Wọ́n ti ara wọn mọ́bẹ̀ ni, pẹ̀lú uniform. Wọ́n ní kí n lọ fọgbọ́n sọ fún Jẹ́nẹ́rà pé látìgbà tí Bàbá ti kú, orí Màámi ò pé mọ́.

[Ariwo ẹ̀rọ láti òkèèrè.]

USWAT: Àǹtí? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

RÀBÍÁTÙ: Mo gbọ́ ẹ. Màámi tó pọn Aisha nígbà tí o wà ní ọsibítù?

USWAT: Àwọn ni. Ṣùgbọ́n tí promotion tí Daddy Aisha ń retí bá bọ́ ńkọ́? Jẹ́nẹ́rà mọ gbogbo àwọn tó wà lórí board tó máa fọwọ́ sí i.

RÀBÍÁTÙ: Ó dáa. Lọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí o pe Aisha kó wá dúró tì ẹ́, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyá ẹni.

[Bàtà ń sáré lórí pákó.]

RÀBÍÁTÙ: Níbo lò ń lọ? Uswat! Ṣé o gbọ́ mi?

[Ilẹ̀kùn: gbà, gbà, gbà.]

USWAT: Daddy Aisha! Mi ò ní sọ ọ́ o!

ABDULMUMIN [láti inú ilé ìwẹ̀]: Please, rọra sọ̀rọ̀.

USWAT: Mi ò lè pe Màámi ní wèrè. Tó bá wù yín, ẹ jáde lọ pè wọ́n bẹ́ẹ̀ níwájú wọn.

ABDULMUMIN: You don't understand. O ò mọ ohun tí ojú mi rí kí n tó — ta lò ń bá sọ̀rọ̀?

USWAT: Kò sẹ́nì kankan.

RÀBÍÁTÙ: Èmi ni o, Kọ́nẹ́ẹ̀lì! Ẹ jáde níbẹ̀!

[Omi ẹ̀rọ ń dà. Ó dá. Kọ́kọ́rọ́ yí.]

USWAT: Wọ́n ti jáde. Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ń tẹ̀ lé wọn.

RÀBÍÁTÙ: Má gbé fóònù sílẹ̀!

USWAT: Wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ Jẹ́nẹ́rà. Wọ́n sálúùtù. Wọ́n ní — ẹ dúró — wọ́n ní, "Sir, kúùkù ni bàbá mi. Ẹ rò ó síbòmíì, mo sì jẹ́ kí ẹ máa rò ó bẹ́ẹ̀."

RÀBÍÁTÙ: Alihamudu lilahi.

USWAT: Jẹ́nẹ́rà bọ́ awò ojú. Wọ́n ń wò wọ́n... Wọ́n ní, "Kí ni bàbá ẹ mọ̀ ọ́n sè jù?"

RÀBÍÁTÙ: Kí ni?!

USWAT: Màámi ló dá wọn lóhùn. Pepper soup ni. Wọ́n ní Májọ̀ a máa lá abọ́!

[Ẹ̀rín àwọn méjèèjì.]

RÀBÍÁTÙ: Uswat? Ṣé o gbọ́ mi? Kí ni wọ́n ń ṣe báyìí?

USWAT: Màámi ti fa Daddy Aisha wọ yàrá ìkángun BQ, ibi tí a ń gbé jẹ́nẹ́rétọ̀ sí. Wọ́n ní, "Igun yìí ni mo bí ẹ sí. Agogo lù, bàbá ẹ lọ gbé tíì fún àlejò wọn, kò gbọ́ igbe mi. Kó tó dé, ìwọ ti dé."

RÀBÍÁTÙ: Hà.

USWAT: Àǹtí...

RÀBÍÁTÙ: Kí ló ṣẹlẹ̀?

USWAT: Daddy Aisha ti dọ̀bálẹ̀ fún Màámi. Nínú epo jẹ́nẹ́rétọ̀, pẹ̀lú medal láyà. Oníkámẹ́rà fẹ́ yà wọ́n, Jẹ́nẹ́rà fọwọ́ bo ojú kámẹ́rà.

RÀBÍÁTÙ: Ṣé ó ń sunkún?

USWAT: Èjìká wọn ń mì. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín. Màámi ò tíì ní kí wọ́n dìde. Wọ́n ń ki oríkì wọn lọ ni, wọ́n — Àǹtí, Màámi ń pè mí.

RÀBÍÁTÙ: Lọ! Lọ kúnlẹ̀ tì wọ́n! Ṣé o gbọ́ mi? Uswat? Ṣé o —

[Fóònù já.]