Dàda Ni, Àbí Irun Lásán?

Mo ń dúró ra ọṣẹ lọ́jà Ìdànrè nígbà tí ìyá ọlọ́mọ kan bá ìyá àgbà tó ń ta òróró sọ̀rọ̀.

"Ìyá, èwo ló yẹ irun ọmọ yìí, àdín àbí pòmáàdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí? Ó ti ta kókó."

"Dàda ni, àbí ọ̀lẹ ìyá rẹ̀?"

"Ẹ má bú mi o! Ìyá ọkọ mi ní dàda ni, n kò gbọdọ̀ fi òòyà kàn án. Ọkọ mi ní irun lásán ni, kí n yà á. Bí mo bá yà á tí ara ọmọ gbóná ńkọ́?"

"Orí tí ẹ kò tíì mọ orúkọ rẹ̀, òróró wo ni kí n tà fún un?"

N kò rí ẹni tí mo lè dá láre. Obìnrin náà ra àdín.

"Ọwọ́ ni n ó fi tú u," ó ní. "Àbí ọwọ́ náà, òòyà ni?"