Ìkọ́kúkọ̀ọ́ Tí Mo Kọ́ Ìyàwó Mi

Ìyàwó mi, Mosúnmọ́lá, kú ní ọdún tó kọjá. Níbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n yìn mí. Wọ́n ní n kì í ṣe irú ọkọ tó ń tẹ ìyàwó mọ́lẹ̀, wọ́n ní èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè. Mo dorí kodò. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ni. Ìtìjú ni.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé iṣẹ́ èṣù ni. Èṣù kò sí ní pálọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Èmi àti òun nìkan la wà níbẹ̀.

Ọmọ wa, Tọ́lá, ló jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí. Òun náà ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè tí ìyá rẹ̀ kùnà, ó sì gbà pé kò sí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ òun àti ìyá òun. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á.

Abúlé Òkúta là ń gbé nígbà náà, nínú ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, tí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo wà ní àgbàlá. Mo ti gboyè ní yunifásítì, mo sì ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Mosún ń yẹ ìwé wò ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá. Àwọn èèyàn ń sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè yòókù yóò tún máa fún orílẹ̀-èdè wa ní àga láàárín wọn. Ẹlòmíì sọ ọ́, ó gbàgbé. Mosún lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Onipanu, níbi tí bàbá àgbàlagbà kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ẹ́ḿbásì rí ti ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì tí orílẹ̀-èdè fi ń bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀: bí a ṣe ń kọ̀ láì ta ẹni nù, bí a ṣe ń bínú láì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀bùn rẹ̀ ṣe tó. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ìbejì àti Ìyá Ráṣídì fẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì la ara wọn lórí nídìí ẹ̀rọ omi. Mosún jáde, kò pariwo. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdúró o. Ẹ̀yin lẹ ti ń tún láìnì yìí ṣe látàárọ̀. Tí kì í bá ṣe yín, ta ni ì bá rí omi gbé wọlé?"

Ìyá Ìbejì gbójú sókè. "Ìyá Tọ́lá, o ti tún dé. Elétè!" Ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbé kẹ́ẹ̀gì Ìyá Ráṣídì sábẹ́ ẹ̀rọ.

Mosún kò bẹ̀bẹ̀, kò sì pàṣẹ. Ó kàn fún ẹni tó fẹ́ jà ní àyè láti padà sẹ́yìn láì tẹ́. Ohun tí bàbá yẹn ń kọ́ wọn ní Onipanu nìyẹn gan-an. Mo mọ̀. Mo ti ka ìwé tó ń kọ ní kíláàsì náà.

Ọ̀rẹ́ mi kan, Gàníyù, ló kọ́kọ́ gún mi lọ́bẹ, ó sì pè é ní àwàdà. Níwájú àwọn èèyàn ló ti ní, "Tíṣà, tí wọ́n bá gbé ìyàwó ẹ lọ sílùú òyìnbó, kí ni ìwọ máa ṣe ńbẹ̀? Ṣé báàgì ni wàá máa gbé tẹ̀ lé e?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bá mi délé.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìdánwò náà, a jókòó ní pálọ̀. Níbi ìdánwò náà, wọ́n máa ń fi ìjà orílẹ̀-èdè méjì síwájú ẹni, kí ó gbẹnu sọ fún ọ̀kan. Mo fún un ní ìjà lórí odò, èmi sì ń ṣojú fún orílẹ̀-èdè kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe ń ṣe nídìí ẹ̀rọ omi, ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ tónítóní. Ó yin sùúrù àwọn tí mò ń ṣojú fún. Ó fi ọ̀nà hàn mí. Mo ti ń gbà fún un kí n tó rántí pé alátakò ni mò ń ṣe.

Ẹ̀rù bà mí. Mo rí i pé wọn yóò gbà á síṣẹ́ náà.

Mo ní, "Rárá. Gẹ̀ẹ́sì kì í yí ọ̀rọ̀ po. Wọn á ní ò ń bẹ̀bẹ̀. Sọ ohun tí o fẹ́, kí o sì sọ ohun tí ojú wọn máa rí tí wọ́n bá kọ̀."

Ó wò mí. "Ọ̀gá wa ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá Tọ́lá?"

"Ó dá mi lójú. Ó ti pẹ́ tí bàbá yẹn ti fẹ̀yìn tì."

Kò jiyàn. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́; ta ni yóò tún lọ bi? Ó fi ohùn líle náà kọ́ra títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ.

Nígbà tó ti ibi ìdánwò dé, ó jókòó láì bọ́ bàtà. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn tó ń dán wọn wò béèrè pé, "Madam, ṣé ẹ fẹ́ bá wa jagun ni?" Mo fọwọ́ lé e léjìká. Mo ní kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn lè ṣe. Ó ní, "Òótọ́ ni."

Kò padà sí Onipanu mọ́. Bí ìjà bá sì ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, kò jáde mọ́. Ìyá Ìbejì á máa pè é, "Ìyá Tọ́lá, ṣé o ò gbọ́ ni?" Ó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ló gbà pé òun kò mọ̀ ọ́n títí ó fi kú. Ọjọ́ tí mo lè fi sọ òótọ́ fún un kò níye. N kò sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo tíì sọ fún. Ó ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. O fẹ́ràn ìyàwó ẹ, o ò fẹ́ kó lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ wo nìyẹn? Ọkọ ẹ̀ ṣáà ni ọ́."

Mo kọ̀ ọ́. Bí n kò bá fẹ́ kó lọ, mo ní ẹnu. Mo lè sọ pé, "Mosún, má lọ." Yóò bá mi fà á, yóò sì borí mi, nítorí ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ jù mí lọ. Ohun tí mo sá fún nìyẹn. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ti ń wá gbólóhùn tí ẹ ó fi tù mí nínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìtùnú yín pamọ́. N kò fẹ́ ẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tọ́lá ní kí n gbọ́ bí òun ṣe ń fi ìdánwò náà kọ́ra. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí ìyá rẹ̀. Ó ṣàdédé gé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Dádì, ẹ gbọ́ ohun tí mò ń ṣe yẹn? Bí Mọ́mì ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ẹ ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ lè ṣe, àwọn ni wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ́ mi bẹ́ ẹ ṣe kọ́ wọn."

Mo ní kó padà wá ní Sátidé.

Mo lè sọ fún un pé ọ̀nà tirẹ̀ dára, kí n fi mọ síbẹ̀. Yóò béèrè pé kí ló dé tí ti Mọ́mì kò fi dára. N kò ní irọ́ mìíràn tí mo fẹ́ pa mọ́ òkú. Bí mo bá sì sọ òótọ́, ọkàn rẹ̀ lè dàrú nígbà tí ìdánwò ti sún mọ́ tán. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kàn sọ pé kí n dákẹ́. Mo ti pinnu. Mo kọ èyí síta kí Sátidé tó dé, kí n má baà rí ibi sá padà sí.

Bí inú bá sì bí i, tó bá kẹ̀yìn sí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń parí ìjà nínú ilé wa ti lọ. Èmi ni mo sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n.