Nígbà Tí Ẹja Òkun Gòkè Wá sí Kétu

Ẹ jókòó. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ohùn mi kò ròkè mọ́. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìyá àgbà yín. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló máa ń sọ ti àwa méjèèjì... Ó dáa. Màá sọ ti ilé ẹja fún yín.

Nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, tí àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba lé wa lọ́wọ́, Dàhòmè ni wọ́n ń pe orílẹ̀-èdè yìí. Mo ti parí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Àjàṣẹ́, mo padà wá sí Kétu níbí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé. Mo ti fẹ́ Abẹ́ní, ọmọ Odòmẹ́ta. Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀rín kì í jìnnà sí i lẹ́nu.

Ẹja òkun lónìí, ẹ ó jáde sí títì, ẹ ó rí i nínú páálí, ó le bí òkúta. Nígbà yẹn ńkọ́? Òkun jìnnà sí wa. Ẹran ìgbẹ́ là ń jẹ, àti ẹja odò bí a bá rí i. Ìjọba tuntun wá ní àwọn fẹ́ kí ẹja òkun di iṣẹ́ ńlá. Wọ́n fún àwọn apẹja Kútọnù ní ọkọ̀ ojú omi tó ní ẹ́ńjìnnì. Ẹja ṣáwá pọ̀ débi pé àwọn ará etíkun kò lè jẹ ẹ́ tán. Ta ni yóò jẹ ìyókù? Àwa ará òkè.

Ṣùgbọ́n ìjọba kò ní ọkọ̀ tí yóò gbé e gòkè. Àlájì Ràímì ló ní ọkọ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, òwò ló gbé e dé Kétu, ó sì kọ́lé síbí. Wọ́n ṣe àdéhùn. Ìjọba á kọ́ ilé ẹja, á mọ ààrò sínú rẹ̀, á sì pèsè iyọ̀. Àlájì á gbé ẹja wá. Àwọn obìnrin Kétu á yan án, wọ́n á tà á. Èrè á kan oníkálukú. Ẹ gbọ́, láyé ìgbà yẹn, bí ìjọba bá sọ̀rọ̀, a máa ń gbà á gbọ́.

Ọ̀gá tí ìjọba rán wá, ọmọ Fọ̀n ni. Mùsíyè là ń pè é. Faransé ló ń sọ, èmi ni mò ń túmọ̀. Ó ní òun ń wá obìnrin tí yóò ṣe olórí. Abẹ́ní ní òun á ṣe é. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní etíkun. Inú ìyá mi kò dùn sí i rárá.

"Ìyàwó tó fi ilé ọkọ sílẹ̀, tó lọ ń wo òkun! Kí ló sọnù síbẹ̀?"

Abẹ́ní kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá. Bí ẹja bá dé, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Òun ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n wá. Àwọn kan fi oko ẹ̀pà sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Bí iṣẹ́ yẹn bá bàjẹ́, orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa wó lé. Ó mọ̀. Mo mọ̀.

Ẹja àkọ́kọ́ dé nínú àpótí pákó, iyọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Abẹ́ní ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó ní bí ọjà bá ku ọ̀la ni a óò fi omi ṣan iyọ̀ náà kúrò, kí a tó yan án.

Ìyá mi ní, "Ẹ ó da omi nù, ẹ ó tún da iyọ̀ nù? Ní Kétu níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi, Ìyá."

"Àwọn tó kọ́ ọ, etí omi ni wọ́n ń gbé."

Ẹ̀yin mọ bí omi ṣe rí lórí ilẹ̀ wa yìí. Lónìí ẹ̀rọ omi wà, ẹ ń fi omi ṣeré. Nígbà yẹn, omi òjò inú ìkòkò là ń ṣọ́ lò. Iyọ̀ wá ńkọ́? Ìyá mi sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọge, bí ìyàwó bá da iyọ̀ sílẹ̀, ìyá ọkọ á bi í léèrè bóyá òkun ni bàbá rẹ̀.

Abẹ́ní bá ọkọ̀ Àlájì padà lọ sí Kútọnù láti gbé irin tí a óò tẹ́ sórí ààrò. Kí ó tó dé, ìyá mi kó àwọn ìyá àgbà ilé wa jọ. Wọ́n ṣí àpótí. Wọ́n gbọn iyọ̀ inú rẹ̀ jáde, wọ́n ṣa ìpẹ́ ẹja kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì pín in fún gbogbo agboolé bí ẹni pé à ń sọmọ lórúkọ. Wọ́n ń kọrin. Ìjọba tiwa-n-tiwa fún wa ní iyọ̀! Wọ́n pa àpótí náà dé dáadáa. Nínú oòrùn... Èmi wà níléèwé. N kò mọ̀.

Ọjọ́ tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Abẹ́ní dé pẹ̀lú Mùsíyè àti Àlájì. A kì í mú àlejò lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ebi. Ìyá mi gbé iyán kalẹ̀. Mùsíyè jẹun títí, ó fi ìka nu àwo. Ó ní kí n sọ fún ìyá mi pé òun kò tíì jẹ irú ọbẹ̀ yẹn rí ní Kútọnù.

Lẹ́yìn náà a lọ sílé ẹja. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, òórùn ti pàdé wa. Wọ́n ṣí àpótí... Ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́, ẹ ò tíì jẹun.

Mùsíyè di imú. Ó ní, "Ta ló kó iyọ̀ kúrò?"

Gbogbo obìnrin wo ilẹ̀.

Àlájì ní, "Ṣé pósí ni ọkọ̀ mi, tí màá fi máa gbé òkú ẹja?"

Mùsíyè ní bí wọn kò bá fa ẹni náà lé òun lọ́wọ́, òun á kó gbogbo ẹrù lọ sí ìlú Pobè lọ́jọ́ náà. Ó kọjú sí Abẹ́ní. Òun kúkú ni olórí.

Ó ti mọ̀. Ó ti rí iyọ̀ wínníwínní etíkun nínú ìkòkò ilé ìdáná ìyá mi. Bí ó bá dárúkọ, ó ti dójú ti ìyá ọkọ rẹ̀ lójú àlejò. Bí ó bá dákẹ́, iṣẹ́ lọ. Mo ń wò ó. Kò wò mí.

Ó kúnlẹ̀. "Mùsíyè, ọbẹ̀ tí ẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó dùn?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ó dùn.

"Iyọ̀ tí ẹ ń wá ló wà nínú rẹ̀. Àlájì, ìyàwó yín gba tiwọn, wọ́n ti wá dúpẹ́ láàárọ̀. Ẹni tó kó o kò fi í pamọ́. Ó pín in ni. Ẹnu ta ni a óò wá mú, nígbà tí gbogbo wa ti jẹ ẹ́?"

Àlájì bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Kí Mùsíyè tó fèsì, ìyá mi ti là wọ́n kọjá, ó so ìró rẹ̀ le.

"Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀. Èmi ni. Ẹ sọ fún un pé ẹni tó ṣọ́ iyọ̀ lò dàgbà kò lè wò ó kó ṣòfò. Bó bá fẹ́ bínú, kó kọ́kọ́ pọ iyán mi."

Mo túmọ̀ rẹ̀... mo mú kó rọ̀ díẹ̀. Mùsíyè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, bóyá òórùn ẹja sì ni.

Abẹ́ní kò tíì dìde. Ó ní kí ìjọba máa fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní àwo iyọ̀ kan kó gbé lọ sílé, kí ó tó fọwọ́ kan ẹja. Ẹni tó bá ti ní tirẹ̀ nílé, ojú rẹ̀ kò ní wọ ti inú àpótí mọ́. Ó ní kí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹja wà lọ́wọ́ Ìyá. Mùsíyè gbà. Àlájì ní òun á gbé àpò iyọ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́, bí ti ìyàwó òun bá ti wà níbẹ̀.

A gbẹ́ ilẹ̀, a sin ẹja yẹn. Òmíràn dé. Ìyá mi ló ń ṣọ́ iyọ̀, ẹyọ kan kò sọnù. Ilé náà dúró lọ́dún gbọọrọ. Àwọn ará Òpómẹ́ta ń wá ra ṣáwá wa. Nígbà tó yá, ìjọba ń yí padà bí ẹni yí aṣọ wọ̀, iyọ̀ kò wá mọ́, Àlájì darúgbó. Ẹja inú páálí dé láti òkè òkun. Ààrò wó.

Lónìí, ìjọba á ní oníṣòwò ló ba nǹkan jẹ́, oníṣòwò á ní ìjọba ni. Oníkálukú ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Bí ẹ bá fẹ́ kí ènìyàn bá yín ṣe iṣẹ́, ẹ má ṣe dójú tì í. Ẹ jẹ́ kó rí ibi dúró sí. Èyí ni mo ní láti sọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi kò dá jẹun mọ́, àfi bí Abẹ́ní bá jókòó tì í. Nígbà tó ń kú lọ, èmi ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Kò pè mí. "Abẹ́ní dà?" ló ń sọ. "Abẹ́ní dà?" Abẹ́ní wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ilẹ̀ fi mọ́.

Èmi náà ń sọ ọ́ báyìí, láàárọ̀, bí mo bá jí: "Abẹ́ní dà?" Mo mọ̀ pé kò sí mọ́... Mo ṣì ń sọ ọ́.